Bí Ẹ Ṣe Máa Gun Kẹ̀kẹ́ Lórí Ojú Irin Àtijọ́ ní Peak District, Níbi Tí Mọ́tò Ò Lè Dé

Ẹ̀yin ará mi tí ẹ wà ní Ìlú Ọba, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Derby, Nottingham, Sheffield àti Manchester, ọ̀rọ̀ yìí ti wà lọ́kàn mi tipẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló mọ kẹ̀kẹ́ gùn láti kékeré, kẹ̀kẹ́ tí a máa ń háyà ládùúgbò la fi kọ́ ọ, a ṣubú, a bó lórúnkún, a dìde, a tún gùn ún, àmọ́ látìgbà tí a ti dé ibí ẹ̀rù mọ́tò ò jẹ́ ká gbìyànjú ẹ̀ mọ́, torí bọ́ọ̀sì á kàn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ èèyàn bíi pé ó fẹ́ gbé e lọ ni. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ọ̀nà wà ní Peak District, ìyẹn ilẹ̀ olókè tó wà nítòsí àwọn ìlú yẹn, tí mọ́tò kankan ò lè dé, òkúta wẹ́wẹ́ ni wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀ síbẹ̀, àárín oko àti òkè ló gbà kọjá, kò sì le, ẹni tí ò ti gun kẹ̀kẹ́ láti ogún ọdún lè gùn ún dé òpin. Mo máa ṣàlàyé bí ẹ ṣe máa ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ohun tó jẹ́ kó rọrùn ni pé ojú irin ni gbogbo ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Rélùwéè ò lè gun òkè tó dà gẹ̀rẹ́, irin lẹsẹ̀ ẹ̀, irin ló sì ń tẹ̀, yíyọ̀ ló máa yọ̀, torí náà ibi tí òkè bá wà, àwọn tó ń la ojú irin á là á sí méjì tàbí kí wọ́n gbẹ́ ihò gba abẹ́ ẹ̀ kọjá, ibi tí ilẹ̀ bá ti jìn, wọ́n á kó yẹ̀pẹ̀ dí i tàbí kí wọ́n gbé afárá lé e. Iṣẹ́ táwọn yẹn ti ṣe ká tó bí wa là ń jẹ lónìí. Èyí tó ti Ashbourne lọ sí Buxton, 1899 ni wọ́n ṣí i, ọdún méjì kí wọ́n tó ṣí rélùwéè Èkó sí Ìbàdàn. Nígbà tó fi máa di 1967 wọ́n ti ti apá tó ti Ashbourne dé Parsley Hay pa, àwọn tó ń bójú tó Peak District wá rà á, wọ́n hú irin kúrò, wọ́n sì sọ ọ́ di ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, oníkẹ̀kẹ́ àti ẹlẹ́ṣin ní 1971. Tissington Trail lorúkọ ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mú ọ̀nà kan, ẹ má kó gbogbo ẹ̀ pọ̀

Ọ̀nà mẹ́ta ló gbajúmọ̀ jù níbẹ̀, Tissington Trail tó jẹ́ máìlì 13, High Peak Trail tó jẹ́ máìlì 17, àti Monsal Trail tó jẹ́ máìlì mẹ́jọ àbọ̀. Tó bá jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ yín, Tissington ni kí ẹ mú, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ láti Ashbourne. Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ ni pé láti Ashbourne lọ sí òkè ọ̀nà náà ń gòkè díẹ̀díẹ̀, ẹ ò ní fi bẹ́ẹ̀ rí i lójú ṣùgbọ́n itan yín á mọ̀, tí ẹ bá wá ń padà bọ̀, tó ti rẹ̀ yín, ilẹ̀ fúnra ẹ̀ ló máa gbé yín wálé. Àwọn tó bẹ̀rẹ̀ láti Parsley Hay lókè, adùn ni wọ́n fi ń lọ, omijé ni wọ́n fi ń padà. Kò sì pọn dandan kí ẹ gun gbogbo máìlì 13 yẹn. Láti Ashbourne dé abúlé Tissington kò ju bíi máìlì mẹ́rin lọ, ẹ lè jókòó jẹun níbẹ̀ kí ẹ sì yí padà, ó ti tó fún ọjọ́ àkọ́kọ́.

Ìgbésẹ̀ kejì: ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́, àti ti bíréèkì tó jù ú lọ

Ẹ má lọ ra kẹ̀kẹ́ olówó gọbọi torí ọ̀rọ̀ tí mo ń sọ yìí. Wọ́n ń háyà kẹ̀kẹ́ ní Ashbourne níbi tí ọ̀nà ti bẹ̀rẹ̀ gan-an, ní Mapleton Lane, wọ́n tún ń háyà ẹ̀ ní Parsley Hay, kẹ̀kẹ́ ọmọdé wà, àwọn tó ní ibi tí wọ́n ń so ọmọ ìkókó mọ́ lẹ́yìn náà wà. Tó bá jẹ́ àsìkò tí àwọn ọmọ gba ọlidé, ẹ tètè búùkù ẹ̀ sílẹ̀. Kẹ̀kẹ́ oníbátìrì náà dáa fún àwọn àgbà wa tí orúnkún ń dùn, òfin ilẹ̀ yìí ò kọ̀ ọ́, kó ṣáà ti jẹ́ èyí tí èèyàn ń fi ẹsẹ̀ wà, tí ẹ̀rọ ẹ̀ ò ju wáàtì 250 lọ, tí ẹ̀rọ náà sì máa ń dáwọ́ dúró tí ẹ bá ti ń sáré kọjá máìlì 15.5 láàárín wákàtí kan.

Tó bá jẹ́ tiyín lẹ fẹ́ gbé lọ, táyà tínínrín ti kẹ̀kẹ́ eré ìje ò dáa, òkúta á máa gbọ̀n yín jìgìjìgì. Èyí tó fẹ̀ tó mìlímítà 35 sí 40 ló bá a mu. Ẹ má fẹ́ táyà náà kó le koko bí òkúta, ẹ fẹ́ ẹ débi pé tí ẹ bá fi àtàńpàkò tẹ̀ ẹ́ dáadáa á wọlé díẹ̀, ó máa gba òkúta mọ́ra dípò kó máa ta lórí ẹ̀.

Bíréèkì wá ńkọ́. Mo ra tòkunbọ̀ kan níjọ́sí, ẹni tó tà á fún mi sọ pé àwọn ti tún gbogbo ẹ̀ ṣe, mo gbà á gbọ́, mi ò yẹ nǹkan kan wò. Bí a ṣe kúrò níbi tí wọ́n ń háyà kẹ̀kẹ́ ní Ashbourne, kò pẹ́ rárá, ojú ọ̀nà á kàn já wálẹ̀ lójijì, torí wọ́n ti wó afárá rélùwéè tó wà níbẹ̀, èèyàn gbọ́dọ̀ sọ̀kalẹ̀ dé ibi odò kékeré kan kó tó tún gun òdìkejì. Ibẹ̀ ni mo fọwọ́ tẹ bíréèkì iwájú tí wáyà ẹ̀ já pọ́ọ̀! Ti ẹ̀yìn nìkan ló kù, mo tẹ̀ ẹ́, táyà ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í fì lórí òkúta, bàbá kan ń fa ajá bọ̀ láti ìsàlẹ̀, mo ń pariwo, Ọlọ́run ló ní kí bàbá náà tètè yà sínú koríko. Mi ò ṣubú ṣùgbọ́n ara mi gbọ̀n tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Torí náà kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ di kẹ̀kẹ́ mú, ẹ tẹ bíréèkì iwájú, ẹ gbìyànjú láti tì í síwájú, tó bá dúró ṣinṣin ó dáa, ẹ tún ṣe ti ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀, ẹ wá wo wáyà níbi tó ti wọ inú ọwọ́ bíréèkì, tí ẹ bá rí fọ́nrán kan ṣoṣo tó ti já, ẹ pààrọ̀ ẹ̀ kí ẹ tó lọ. Gbogbo bẹ́ẹ̀ ò gba ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ibi tí ọ̀nà ti já wálẹ̀ yẹn, tí ẹ bá kó ọmọ dání, ẹ sọ̀kalẹ̀ kí ẹ tì í. Lẹ́yìn ìyẹn kò tún sí nǹkan tó le mọ́ títí dé Parsley Hay.

Ìgbésẹ̀ kẹta: aṣọ àti ẹrù

Òkè lẹ ń lọ, atẹ́gùn òkè ò mọ ẹni tó ń gbé Derby. Ó lè móoru ní Ashbourne kó jẹ́ pé ní Parsley Hay eyín yín ń gbá pẹkẹpẹkẹ, ní oṣù kẹfà pàápàá o. Ẹ wọ aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ méjì tàbí mẹ́ta léra dípò kóòtù ńlá kan, kí ẹ fi jákẹ́ẹ̀tì òjò sínú báàgì. Ṣòkòtò tí ẹsẹ̀ ẹ̀ fẹ̀ máa há sínú ṣéènì, ẹ ká a tàbí kí ẹ fi rọ́bà dè é, ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ fẹ́ wọ síkẹ́ẹ̀tì, ẹ wọ lẹ́gíńsì sábẹ́ ẹ̀. Òfin ò fi dandan lé àṣíborí nílẹ̀ yìí ṣùgbọ́n ẹ dé e.

Oúnjẹ, ẹ gbé e láti ilé. Wọ́n ń ta tíì àti kéèkì ní Parsley Hay, ṣùgbọ́n ebi oníkẹ̀kẹ́ kì í ṣe ebi kéèkì. Èmi máa ń gbé mọ́ínmọ́ín tí mo ti wé sínú fọ́ìlì, ìpékeré, àti ẹ̀pà, ẹ̀pà ló dáa jù torí ẹ lè máa fi sẹ́nu díẹ̀díẹ̀. Omi lítà kan àbọ̀ fún ẹni kọ̀ọ̀kan. Túùbù tuntun kan tó bá táyà yín mu, ọ̀pá ike méjì tí wọ́n fi ń ṣí táyà, pọ́ǹpù kékeré, àti gílọ́ọ̀fù tí ẹ ò náání tó bá dọ̀tí. Ẹ wa máàpù sórí fóònù yín kí ẹ tó kúrò nílé torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń lọ láàárín òkè, èèyàn ò ní fẹ́ wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì nígbà tó bá fẹ́ pe 999.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ gbéra

Tí ẹ ò bá ní mọ́tò, bọ́ọ̀sì wà láti Derby dé Ashbourne, ẹ háyà kẹ̀kẹ́ tí ẹ bá débẹ̀. Ibi tí ọ̀nà ti bẹ̀rẹ̀ ní ihò kan tí rélùwéè ń gbà kọjá lábẹ́ ìlú, ó gùn tó mítà 350, wọ́n tan iná síbẹ̀, ẹ lè wọ inú ẹ̀ jáde wá láti ààrin ìlú.

Ẹ fi gíà sí èyí tó fúyẹ́. Àṣìṣe táwọn èèyàn wa ń ṣe jù nìyẹn, wọ́n á lo gíà tó le, wọ́n á máa fi gbogbo agbára tẹ pẹ́dà gbì-gbì bíi pé wọ́n ń gúnyán, kí wọ́n tó lọ máìlì mẹ́ta orúnkún ti ń ké. Ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ yín máa yí wéréwéré. Tí ẹ bá rí i pé ẹ ò lè sọ̀rọ̀ kí ẹ máa mí dáadáa, ẹ ti ń sáré jù.

Mo mú ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lọ lọ́dún tó kọjá, wọ́n ti lé lọ́mọ ọdún 58, wọ́n dúró ti kẹ̀kẹ́ ní Mapleton Lane, wọ́n dì í mú bí ẹni di ewúrẹ́ mú. Wọ́n ní, "Àbúrò, ṣé mi ò ní ṣubú báyìí?" Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wo iwájú, ẹ má wo táyà." Gbogbo ẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá ń wo táyà, ibi tí ojú ẹ̀ ń wò ni kẹ̀kẹ́ máa lọ. Nígbà tí a fi máa dé Thorpe wọ́n ti ń kọrin ìyìn, mi ò gbọ́ "àárẹ̀" lẹ́nu wọn títí a fi dé Tissington.

Tissington fúnra ẹ̀, ẹ yà síbẹ̀. Abúlé olókùúta ni, adágún kékeré wà níbẹ̀ tí pẹ́pẹ́yẹ ń lúwẹ̀ẹ́, kànga sì wà níbẹ̀ bíi mélòó kan. Lọ́dọọdún, tó bá ti di àsìkò ọdún Ìgòkè-re-Ọ̀run, àwọn ará abúlé á mú pátákó tí wọ́n rẹ́ amọ̀ sí lójú, wọ́n á fi ewé òdòdó tẹ àwòrán sínú amọ̀ náà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n á wá gbé e sí ẹnu kànga láti dúpẹ́ omi. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ rí i mo dúró pẹ́. Ẹni tó bá ti ibi tí wọ́n ti mọ iyì omi wá á mọ ohun tí mo ń sọ.

Lẹ́yìn Tissington igi á dínkù, ojú á là, ẹ máa rí oko àti ògiri òkúta tí wọ́n tò láì fi sìmẹ́ńtì, àgùntàn lọ́tùn-ún lósì. Ní Hartington, ilé kékeré tí wọ́n ti ń darí rélùwéè ṣì wà níbẹ̀, láti ibẹ̀ sí Parsley Hay ò jìnnà mọ́.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ̀yin àti àwọn tí ẹ bá lọ́nà

Kò sí mọ́tò, ṣùgbọ́n èèyàn wà, ajá wà, ọmọ tó ń kọ́ ìrìn wà. Ẹlẹ́sẹ̀ ló ni ọ̀nà ṣáájú yín. Ẹ lu aago láti ọ̀ọ́kán, ẹ kí wọn, ẹ dín eré kù, tí wọ́n bá yà fún yín ẹ dúpẹ́. Ti ẹṣin yàtọ̀, ẹ má lu aago lẹ́yìn ẹṣin, ó lè ta yín nípàá tàbí kó sọ ẹni tó ń gùn ún nù. Ohùn èèyàn ni kó kọ́kọ́ gbọ́, ẹ pe ẹni tó wà lórí ẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́, "Hello, bike behind you", ẹ dúró títí á fi dá yín lóhùn, kí ẹ wá kọjá pẹ́lú àyè tó fẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ máa ń da màlúù kọjá níbì kan, géètì wà níbẹ̀, bí ẹ bá ṣe bá géètì ni kí ẹ ṣe fi í sílẹ̀, tí ẹ bá bá a ní títì kí ẹ tì í padà.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: tí táyà bá jò

Ìgbà ìwọ́wé àti ìgbà òtútù ni wọ́n máa ń gé igi ẹlẹ́gùn-ún tí wọ́n fi ṣọgbà oko, ẹ̀gún náà á já bọ́ sójú ọ̀nà, kékeré ni, kò hàn, ó sì mú bí abẹ́rẹ́. Ẹ má bẹ̀rù, ẹ yí kẹ̀kẹ́ dojú dé lẹ́bàá ọ̀nà, ẹ yọ ẹsẹ̀ tó jò, ẹ fi ọ̀pá ike gbé etí táyà kan jáde kúrò lára rìímù, ẹ fa túùbù jáde. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣàṣìṣe ló kù yìí, wọ́n á kàn ki túùbù tuntun bọ̀ ọ́, wọ́n á fẹ́ ẹ, kò ní pé ìṣẹ́jú méjì tó tún máa jò, torí ẹ̀gún yẹn ṣì wà nínú táyà. Ẹ fẹ́ atẹ́gùn díẹ̀ sínú túùbù tó jò, ẹ gbé e sún mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ tàbí ètè yín kí ẹ máa yí i, ẹ máa mọ ibi tí atẹ́gùn tútù ti ń fẹ́ jáde. (Fọkanáísà tó wà nítòsí ilé wa ní Mọ́kọ́lá a máa rì í sínú bàsíà omi kó lè rí ibi tó ń hó, ṣùgbọ́n kò sí bàsíà lórí òkè.) Ẹ wá gbé túùbù náà ti táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ibi tó ti jò ló máa júwe ibi tí ẹ̀gún wà, ẹ fi ọwọ́ ra inú táyà níbẹ̀ jẹ́jẹ́ kó má gún yín, ẹ fi èékánná tàbí etí kọ́kọ́rọ́ tì í jáde. Ìgbà yẹn ni kí ẹ tó fi túùbù tuntun sí i, kí ẹ fẹ́ ẹ díẹ̀ kó lè rí bìrìpó kó má lọ́, kí ẹ fi ọwọ́ ti etí táyà wọlé, ọwọ́ ni o, kì í ṣe ọ̀pá, ọ̀pá lè gé túùbù.

Ìgbésẹ̀ keje: ọ̀nà tó kù

Tí Tissington bá ti mọ́ yín lára, High Peak Trail pàdé ẹ̀ ní Parsley Hay, ẹ lè yà sí i kí ẹ gba ìhà Middleton Top lọ, ó tó bíi máìlì mọ́kànlá. Èyí àgbà gan-an ni, rélùwéè tí wọ́n parí ní 1831 ni, wọ́n ṣètò ẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n bá ń gbẹ́ odò ọkọ̀, ilẹ̀ á tẹ́jú lọ gbọnrangandan, tó bá di òkè wọ́n á fi ẹ̀rọ àti okùn fa kẹ̀kẹ́ ẹrù gòkè. Ilé ẹ̀rọ náà ṣì wà ní Middleton Top, 1829 ni wọ́n kọ́ ọ. Ibẹ̀ sì ni kí ẹ ti yí padà, torí lẹ́yìn ẹ̀ ni òkè yẹn wà, tí ẹ bá lọ síwájú mítà mẹ́jọ ẹ ti wálẹ̀ ní mítà kan, lórí òkúta wẹ́wẹ́. Tó bá di dandan kí ẹ lọ, ẹ fi ẹsẹ̀ rìn.

Monsal Trail ló lẹ́wà jù lójú mi, Bakewell ló ti bẹ̀rẹ̀, ihò abẹ́ òkè mẹ́rin ló wà níbẹ̀ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó bíi mítà 400, 2011 ni wọ́n ṣí wọn fún oníkẹ̀kẹ́. Wọ́n ń tan iná sí wọn lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n ẹ gbé iná tiyín dání, ẹ bọ́ awò oòrùn kí ẹ tó wọlé, ẹ sì wọ jákẹ́ẹ̀tì, òtútù inú ẹ̀ dà bíi ti fíríìjì. Bí ẹ bá ṣe ń jáde nínú ihò Headstone báyìí, orí afárá gíga lẹ máa bá ara yín, odò Wye ń lọ kọrọkọrọ nísàlẹ̀. Ìkìlọ̀ kan, ìparí ẹ̀ ní ìhà Buxton, ẹ má sọ pé kí ẹ gba títì A6 wọ Buxton, mọ́tò ibẹ̀ pọ̀ wọ́n sì ń sáré, ẹ yí padà.

Ẹ̀yin Manchester tí ẹ ò ní mọ́tò, ẹ gbé kẹ̀kẹ́ yín wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Hadfield, ẹ̀bá ibùdókọ̀ níbẹ̀ ni Longdendale Trail ti bẹ̀rẹ̀.

Tó bá sì di pé ẹ fẹ́ máa wá ọ̀nà tuntun fúnra yín, ẹ mọ àwọ̀ ọfà tí wọ́n kàn mọ́ òpó nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Yẹ́lò, ẹlẹ́sẹ̀ nìkan ló ni ín, ẹ má gun kẹ̀kẹ́ níbẹ̀. Búlúù, kẹ̀kẹ́ àti ẹṣin lè gbà á, ẹ̀yin lẹ máa yà fún àwọn tó kù, òfin 1968 ló sọ bẹ́ẹ̀. Elése àlùkò, kẹ̀kẹ́ lè gbà á, mọ́tò ò lè gbà á. Pupa, mọ́tò àti alùpùpù lè yọ sí yín níbẹ̀, torí náà èyí tí à ń wá kọ́ nìyẹn.

Tí ẹ bá délé

Ẹfun òkúta yẹn, tí òjò bá ti lù ú, á lẹ̀ mọ́ ṣéènì bí ẹ̀kọ, tó bá gbẹ á le bí sìmẹ́ńtì. Ní alẹ́ ọjọ́ náà ni kí ẹ fọ̀ ọ́, ẹ má sọ pé ó di ọ̀la. Omi lásán àti búrọ́ọ̀ṣì àtijọ́ ti tó, ẹ má lo ẹ̀rọ tó ń tú omi pẹ̀lú agbára, ó máa fọ gíríìsì inú ẹ̀ jáde. Ẹ fi àkísà nu ṣéènì gbẹ, ẹ kán epo kẹ̀kẹ́ sí i ní ẹ̀kán kan kan lórí oríkèé kọ̀ọ̀kan bí ẹ ṣe ń fọwọ́ yí pẹ́dà sẹ́yìn, ẹ dúró ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ tún fi àkísà nu èyí tó ṣẹ́kù lára ẹ̀ kúrò kó má baà máa kó eruku. Ẹ gbé e wọlé, ẹ má fi í síta.